Pákó tí Wọ́n Sọ ní Sólómọ́nì

Ẹ̀yin ará, ẹ sún mọ́bí. Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ? Ẹ má tíì dáhùn. Ohun tí ẹ fẹ́ wí kò ṣàjèjì. Ẹ fẹ́ wí pé ìran ẹni ni, pé ọmọ adé á jẹ́ Adé, ọmọ ọdẹ á jẹ́ Ọdẹ. Kò burú. Ṣùgbọ́n ibi tí òwe náà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an kọjá bẹ́ẹ̀, ó sì ń bíni nínú láti sọ.

Kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ta aṣọ funfun mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan hàn wá, ti ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan tí iṣẹ́ gbà lọ́kàn débi pé ó gbàgbé ìyàwó rẹ̀ sí ibùdókọ̀. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò fara sin: ará ilé ẹni ló ṣáájú iṣẹ́ ẹni. Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Fíìmù parí, kí ló tẹ̀ lé e? Kíá, ọ̀kan ti sáré lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, èkejì ti ń bá oníbàárà jà lórí fóònù, ọmọ mẹ́rin ló sùn sórí bẹ́ǹṣì tí a kò rí bàbá wọn! Alàgbà kan tilẹ̀ gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sílé. Ẹ má wẹ̀yìn, ó mọ ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìtàn yìí fi di dandan.

Nígbà tí bọ́lẹ́kájà ṣì jẹ́ ọba ọkọ̀, káfíńtà kan wà ní ìlú Ìdó-Ògbùrọ́ tí ń jẹ́ Gídíónì. Òrùlé ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí Gídíónì bá kan páànù mọ́ ilé, ìjì á jà títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Dọ́kásì, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń ka Bíbélì bí ẹni ń ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí òun nìkan.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ń bí Dọ́kásì nínú. Ilé tó ń gbé, ilé káfíńtà tó mọ òrùlé kàn jù ní gbogbo agbègbè, jíjò ló ń jò. Kì í ṣe ojú kan. Ojú mẹ́sàn-án! Bí òjò bá ti ṣú, á gbé bẹ́sìnnì sí yàrá, á gbé korobá sí pálọ̀, á gbé ìkòkò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa pín wọn káàkiri bí ẹni ń gbé oúnjẹ síwájú àlejò.

"Bàbá Lìdíà, òrùlé wa ńkọ́?"

"Mo ń bọ̀ lórí ẹ̀, Ìyá Lìdíà. Ẹ jẹ́ kí n parí ti ilé ọlọ́jà."

Ti ilé ọlọ́jà parí, ti ilé-ẹ̀kọ́ dé. Ti ilé-ẹ̀kọ́ parí, ọ̀gá gbogbo iṣẹ́ wá dé: àwọn ará Ọ̀dàn-Ìwéré ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun, wọ́n ní Gídíónì ni kó wá fi òrùlé bò ó. Ọ̀dàn-Ìwéré kò ju ìrìn àárọ̀ kan lọ nínú bọ́lẹ́kájà, ṣùgbọ́n Gídíónì di ará ibẹ̀. Ó ń bọ̀ ní Sátidé, Sátidé á dé, a kò ní rí i. Bí ìyàwó bá sì ráhùn, ó ti ní ohun tí yóò fi dí i lẹ́nu. Á ní, "Iṣẹ́ Olúwa ni o."

Iṣẹ́ Olúwa! Ta ni yóò dìde kó bá Olúwa jà? Dọ́kásì á pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n nínú ikùn rẹ̀ lọ́hùn-ún ni yóò ti máa wí pé Olúwa tí òun mọ̀ kò gba ẹbọ tí a jí gbé lábẹ́ orí ọmọ.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ó yà sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láti wá mú ayùn. Lìdíà, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí kò ju ọdún mẹ́ta lọ, ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé ni, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Bàbá mi ò sí nílé o."

Ìyá Gídíónì, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, wà lórí àpótí níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbé ojú sókè wo ọmọ rẹ̀. "Ẹ dá a lóhùn, sà. Ṣé ẹ óò jókòó dè é ni, àbí ẹ óò padà wá lọ́la?"

Ojú ti Gídíónì. Oyún Dọ́kásì sì ti wọ oṣù kẹjọ nígbà náà. Ló bá mú Bíbélì, ó gbé ọwọ́ lé e. "Ìyá Lìdíà, kí ọjọ́ kẹjọ tí ẹ bá bímọ tó pé, mo ti dé. Ọwọ́ mi yìí ni n óò fi gbé e, ẹnu mi yìí ni n óò fi sọ ọ́ lórúkọ."

Dọ́kásì gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. "Ti Lìdíà, àbúrò yín ló bá yín sọ ọ́ lórúkọ, mo gbà. Èyí o, n kò ní gba orúkọ tí ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ gbé wá. Bí kò bá jẹ́ ẹnu bàbá rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ nínú ilé yìí, 'Ìwọ yìí' ni yóò máa jẹ́ títí Jésù yóò fi dé."

"Ó ti parí," ni Gídíónì wí. Ó mú ayùn, ó lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, bí agogo ìsìn kejì ti ń dún, Dọ́kásì bímọ. Ọmọ kan bọ́ sílẹ̀, obìnrin. Ìyá Àgbà ṣì ń jó kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí agbẹ̀bí tún ké pè é pé kó má jó tán o, kó ṣẹ́ ijó kù. Òmíràn tún bọ́ sílẹ̀, obìnrin! Ìbejì! Táyéwò kú ìrìn, Kẹ́hìndé kú àbọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n rán Sáìlásì, àbúrò Gídíónì, lọ sí Ọ̀dàn-Ìwéré. Sáìlásì jẹ́ ènìyàn dáadáa, àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé bí ó bá ń jẹ́ iṣẹ́, láti inú Jẹ́nẹ́sísì ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó dé ìdí ilé náà, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lókè, ìṣó lẹ́nu, òòlù lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o! Ilé ní kí n kí yín. Lánàá òde yìí, lẹ́yìn tí a ti gba àdúrà òwúrọ̀ tán, tí Ìyá Àgbà sì ti sè..."

Gídíónì tu ìṣó sí àtẹ́lẹwọ́. "Ṣé ó ti bí?"

"Ó ti bí, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n..."

"Ògo ni f'Olúwa! Ọkùnrin ni. Mo ti lá a lálàá. Ọmọ tí a bí nígbà tí bàbá rẹ̀ ń kọ́ tẹ́ńpìlì, kí ni ì bá tún jẹ́? Sólómọ́nì! Lọ sọ fún wọn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí n..."

"Sáìlásì, òjò ń bọ̀! Máa lọ!" Ló bá dá ìṣó padà sẹ́nu. Ẹ sì mọ̀ pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè bá ẹni tó kó ìṣó sẹ́nu jiyàn.

Sáìlásì padà sílé, ó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Dọ́kásì wà lórí ẹní, ọmọ kan ní ọmú ọ̀tún, ọmọ kan ní ọmú òsì.

"Sólómọ́nì," ni Dọ́kásì wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tó ń dẹ́rù bani. "Bọ̀dá Sáìlásì, ẹ wò wọ́n dáadáa. Èwo ni Sólómọ́nì nínú wọn?"

Sáìlásì wo ti ọ̀tún, ó wo ti òsì. Ó ní òun fẹ́ lọ fọ ẹsẹ̀.

"Èmi ni mo bí Gídíónì," ni Ìyá Àgbà wí, ó ń fi ọwọ́ gbá itan. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará ilé, ṣé mo bí i kó máa gbé orí àjà bí ológbò? Màtá inú Bíbélì, tó ń dààmú kiri ilé ìdáná nígbà tí Olúwa jókòó sí pálọ̀, òun pàápàá mọ ẹni tó wà nílé rẹ̀!"

Dọ́kásì ò sunkún. Ó ránṣẹ́ pe tíṣà ìjọ, ó ní kó bá òun kọ lẹ́tà tí kò ní gùn, nítorí ẹni tí kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ Sáìlásì tán kò ní lè ka ewé méjì. Wọ́n fi lẹ́tà náà rán awakọ̀ bọ́lẹ́kájà ní ọjọ́rú. Awakọ̀ fi lé Gídíónì lọ́wọ́. Gídíónì ní òun yóò kà á bí òun bá sọ̀ kalẹ̀. Ó ká a, ó fi sínú fìlà.

Ọjọ́ Ẹtì ni awakọ̀ náà padà dé, òun àti ẹrù ńlá kan lórí ọkọ̀. Ibùsùn ọmọdé ni, iṣẹ́ ọwọ́ Gídíónì fúnra rẹ̀, igi ìrókò, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ rí bí ẹsẹ̀ kìnnìún. Ó tóbi dé ìwọ̀n ọmọ kan ṣoṣo. Ní iwájú rẹ̀ ni Gídíónì fi lẹ́tà gàdàgbà gbẹ́ ẹ sí: SÓLÓMỌ́NÌ ỌMỌ GÍDÍÓNÌ.

"Bàbá Lìdíà ní kí n kí yín," ni awakọ̀ wí. "Ó ní Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá ya ṣọ́ọ̀ṣì náà sí mímọ́ lọ́sẹ̀ méjì òní, òun ò lè fi iṣẹ́ Olúwa sílẹ̀ dọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣèyọnu rárá. Wọn óò sọ ọmọ lórúkọ lọ́hùn-ún lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú. Oyin ti wà nílẹ̀, iyọ̀ ti wà nílẹ̀. Ìjọ ti ra ewúrẹ́."

Dọ́kásì dìde dúró. Obìnrin tí wọ́n ní kó má tíì dìde!

"Wọn óò sọ ọmọ lórúkọ lọ́hùn-ún. Ọmọ wo?"

Awakọ̀ wo ibùsùn. Ó wo ìbejì. Òun náà ní òun fẹ́ lọ fọ ẹsẹ̀.

"Ìyá Àgbà," ni Dọ́kásì wí, "ẹni tí kò bá tọ́jú ará ilé rẹ̀, Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní ó ti sẹ́ ìgbàgbọ́, ó burú ju kèfèrí lọ. Mo ti fi ọ̀wọ̀ dákẹ́ tó. Lọ́jọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì Ọ̀dàn-Ìwéré ni èmi óò ti jọ́sìn."

"Pẹ̀lú ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ?"

"Pẹ̀lú ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, méjèèjì. Àti ibùsùn ìrókò rẹ̀."

Ìyá Àgbà bọ́ sí yàrá, ó lọ wá gèlè rẹ̀ tó le jù.

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sínú bọ́lẹ́kájà, ká ṣáájú wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ lè rí àbùkù náà bó ti rí. Ilé ìsìn tuntun kún, apá kan lábẹ́ páànù, apá kan lábẹ́ ọ̀run Ọlọ́run. Gídíónì wọ agbádá. Wọ́n gbé omi, iyọ̀ àti oyin kalẹ̀. Ìgbà náà ni Alùfáà ìjọ wá rí i pé nǹkan kan kù.

"Bàbá ọmọ, ọmọ dà?"

"Ó wà nílé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n orúkọ ni a fẹ́ sọ, sà, orúkọ kì í ṣe ẹrù. Ẹ sọ ọ́ níbí, yóò dé ọ̀hún."

Alùfáà họ orí. "N kò rí irú èyí rí. A kì í fi oyin kan afẹ́fẹ́ lẹ́nu."

Ó yẹ kó dúró síbẹ̀! Ó yẹ kó ní kí Gídíónì máa lọ sílé! Ṣùgbọ́n Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀, òrùlé ò tíì parí, ewúrẹ́ ti wà lórí iná. Ẹ̀rí-ọkàn Alùfáà sì sùn díẹ̀. Ọlọ́run ti dárí jì í. Ló bá di pé alàgbà kan mú ìmọ̀ràn wá. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìdí àkójọ igi, ó ṣa pákó kan tí kò gùn ju ọmọ tuntun lọ, ó ní kí wọ́n fi í dúró fún ọmọ. Ìyá ìjọ kan bọ́ ìborùn rẹ̀, wọ́n fi wé pákó náà dé ọrùn. Wọ́n gbé e fún Gídíónì. Ẹ ò rí i, ó gbé e dáadáa o! Ó fi apá gbá a mọ́ra, ó ń rọra mì ín.

Alùfáà ti ọwọ́ bọ omi, ó fi kan pákó. "Omi kò ní ọ̀tá. O kò ní lọ́tàá."

"Àmín!"

Ó fi oyin kàn án. "Ayé rẹ yóò dùn."

"Àmín!"

Eèrà méjì tí ń gbé inú pákó náà jáde wá gba ìbùkún.

"Bàbá ọmọ, kí ni orúkọ ọmọ yìí?"

Gídíónì gbé pákó sókè, ohùn rẹ̀ gbọ̀n fún ayọ̀. "Sólómọ́nì!"

"Sólómọ́nì!" ni gbogbo ìjọ wí. Akọ̀wé ìjọ ti kọ ọ́ sínú ìwé.

Láti ẹnu ilẹ̀kùn ni ohùn obìnrin kan ti dún. "Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin ará Ọ̀dàn. Ẹ jọ̀ọ́, ìyá wo ló bí pákó yẹn fún un?"

Gbogbo orí yí padà. Dọ́kásì ló dúró, Táyéwò lápá ọ̀tún, Kẹ́hìndé lápá òsì. Ìyá Àgbà wà lẹ́yìn rẹ̀, gèlè rẹ̀ dúró bí ọmọ ogun. Sáìlásì sì ru ibùsùn ìrókò náà, ó pọ̀n Lìdíà sẹ́yìn.

"Ìyá... Ìyá Lìdíà," ni Gídíónì wí. "Ta ló ni ìkejì?"

"Ẹ ò bi mí ta ló ni ìkíní!"

Ìyá Àgbà ti dé iwájú. Ó ṣí ìborùn lójú pákó, ó wò ó wàá. "Gídíónì, ó jọ ẹ́. Kò gbọ́ràn."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń sún bọ̀ níwájú. Alùfáà na ọwọ́ sókè. "Bàbá ọmọ, ẹ kò sọ fún mi pé ìbejì ni."

"N kò mọ̀, sà. Wọn ò sọ fún mi, sà."

"Wọn ò sọ kínni?" ni Dọ́kásì wí. "Ẹ bọ́ fìlà yín."

Gídíónì bọ́ fìlà nínú ilé Ọlọ́run, níbi tó yẹ kó ti bọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Bébà kan já bọ́. Alùfáà mú un, kò sì mọ̀ pé Gídíónì ti sọ ọ́ di bébà lásán, ó ti fi pẹ́ńsù ṣe ìṣirò iṣẹ́ sáàárín ìlà láì ka ohun tó wà níbẹ̀. Ó kà á sókè bó ti rí.

"'Ọkọ mi ọ̀wọ́n, Ọlọ́run ṣe é, ìbejì ni, obìnrin ni méjèèjì, gígùn wọn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá.'"

"Háà!" ni ìjọ wí.

"'Táyéwò ní àmì dúdú létí bíi tiyín. Kẹ́hìndé kì í dákẹ́ ẹkún, ẹ fi ìṣó mẹ́fà kàn án.'"

Ìyá ìjọ kan ṣubú lu ẹnìkejì rẹ̀ fún ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ìlà tó kù kò ní pẹ́ńsù nínú, nítorí ibẹ̀ ni bébà ti ṣẹ́ po. Alùfáà kà á, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"'Òjò rọ̀ lù wá lánàá. N kò rí ibi tó gbẹ nínú ilé, mo gbé àwọn ọmọ sábẹ́ tábìlì. Ẹ wá wò wá.'"

Ẹ̀rín dákẹ́ bí ẹni pa fìtílà. Kẹ́hìndé nìkan ló ń ké. Gbogbo ènìyàn wo páànù tuntun tó ń dán lókè orí wọn, wọ́n tún wo ọkùnrin tó kàn án.

Gídíónì tẹ́ pákó sílẹ̀. Ó rìn lọ bá ìyàwó rẹ̀, kò mọ ọmọ tí yóò kọ́kọ́ gbà. Ìgbà tó rí àmì dúdú létí Táyéwò, ó fọwọ́ kan etí ara rẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Kò burú," ni alàgbà onípákó wí, ọkùnrin tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. "Oyin ò tíì tán, iyọ̀ ṣì kù. Ẹ jẹ́ kó sọ wọ́n lórúkọ níbí ká lọ jẹ ewúrẹ́."

"Rárá," ni Gídíónì wí. "N kò mọ ibi tí wọ́n ń sùn. N kò mọ ohun tó ń ba ìyá wọn lẹ́rù. Kí ni n óò wò tí n óò fi sọ wọ́n? Òrùlé yín ni? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ wo ilé."

Alùfáà nu ojú. "Àbí ẹ ò rí i! Ọ̀rọ̀ ńlá ló jáde lónìí. Ẹ gbé òòlù yín, Gídíónì. Ilé yìí ò ní di mímọ́ lórí àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ tábìlì. Bí Bíṣọ́ọ̀bù bá dé, kó wá pẹ̀lú agbòòrùn."

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí wọ́n fi dé Ìdó-Ògbùrọ́, ọjọ́ kẹjọ ò tíì kọjá. Gídíónì wo ilé. Kò wò ó bí ẹni tó wá mú ayùn. Ó wo abẹ́ tábìlì, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ pa ẹní ibẹ̀, ó tutù. Ó gbé korobá, ó rí i pé ó wúwo, ó bi Dọ́kásì léèrè ẹni tó ń dà á nù nígbà tí oyún rẹ̀ wà nínú. Dọ́kásì na ọwọ́ sí ara rẹ̀, ó tún nà án sí Ìyá Àgbà, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Nígbà náà ló tó gba oyin. Ó gbé Táyéwò. "Ilésanmí," ni ó wí. Ó gbé Kẹ́hìndé, ọmọ náà sì dákẹ́ ẹkún fúngbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. "Ilémobáyọ̀."

Ìyá Àgbà ní àmín méje. Dọ́kásì gbọ́ ọ láti ẹnu bàbá wọn, nínú ilé wọn. Ó gba àwọn ọmọ rẹ̀, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀.

"Àmín," ni ó wí. "Àkàbà wà lẹ́yìnkùlé, Bàbá Lìdíà."

Ní ti pákó, akọ̀wé ìjọ kò gbà kí wọ́n fa orúkọ yọ nínú ìwé, ó ní ohun tí a bá ti fi àdúrà kọ, a kì í pa á rẹ́. Wọ́n kàn án mọ́ àjà ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ tó bá ń han, àwọn ará Ọ̀dàn-Ìwéré á ní, "Sólómọ́nì ń sunkún, bàbá rẹ̀ ò tíì tibi iṣẹ́ dé."

Ẹ̀yin ọkùnrin inú ìjọ yìí, ẹ̀yin ìyá náà tí ẹ ń fi iṣẹ́ Olúwa bojú, ẹ dákẹ́ àwáwí. Olúwa ò bẹ ẹnikẹ́ni níṣẹ́ tí yóò sọ ọmọ rẹ̀ di ọmọ òrukàn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín léèrè, ẹ má tún sọ̀rọ̀ ọmọ adé àti ọmọ ọdẹ mọ́. Káfíńtà kan ló sọ pákó lórúkọ níwájú ìjọ kó tó lọ wo ilé, ìyẹn làwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.